Búkà ẹléja lẹ́yìn Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́: ẹja wọn dáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ "kó ẹrù ẹ kó o máa lọ" tí mo gbọ́ níbẹ̀ ò tíì kúrò lọ́kàn mi

Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja tútù ní Ọjà Olúwo, tẹ́ ẹ wá yà síbi táwọn obìnrin ti ń báni họ ìpẹ́, ẹ máa rí ilé pákó kan tí wọ́n kùn ní búlùú, kò ní sáìnbọ́ọ̀dù, bẹ́ǹṣì mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀ àti fáànù kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni mò ń sọ. Mi ò ní dárúkọ Àlàájà tó ni ín torí mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ ṣá bèèrè ibi tí wọ́n ti ń se ọ̀bọ̀kún, wọ́n á júwe ẹ̀ fún yín. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń jẹun níbẹ̀, mo sì ti mú èèyàn púpọ̀ lọ.

Nǹkan tó gbé mi dúró níbẹ̀ ni pé ẹja wọn kì í ṣe ẹja inú firíísà. Ẹja tó ti inú ọ̀sà jáde láàárọ̀ yẹn ni, tó bá sì wù yín ẹ lè fẹsẹ̀ ara yín wọ ọjà lọ ra èyí tójú yín rí, ẹ gbé e wá, wọ́n á bá yín sè é, owó ìsebẹ̀ nìkan ni wọ́n máa gbà. Ọ̀bọ̀kún ni kẹ́ ẹ mú tó bá wà nílẹ̀, ara ẹ̀ le, kì í fọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹ̀pìà náà dùn àmọ́ egungun ẹ̀ pọ̀, tẹ́ ẹ bá mú ọmọdé dání ẹ bá a ṣà á dáadáa. Ọbẹ̀ ata lásán ni o, ata rodo, àlùbọ́sà, epo, irú díẹ̀, wọn kì í da máàgì bò ó mọ́lẹ̀ bíi tàwọn ibòmíì, ẹja gan-an lẹ máa gbọ́ adùn ẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n máa ń se ìkọ́kọrẹ́, ewùrà tí wọ́n fọwọ́ rin, tó ki bó ṣe yẹ, tẹ́ja gbígbẹ wà káàkiri inú ẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, mo mọ ohun tí mò ń sọ nípa ìkọ́kọrẹ́, ti Àlàájà yìí jọ ti ìyá ìyá mi.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ tí wọ́n bù fún mi. Mo fẹ́ gbé e mì kí n sì máa bá tèmi lọ, mo wá sọ fún Àlàájà pé ẹ jọ̀ọ́ mà, iyọ̀ yìí ti jù. Wọ́n mú ṣíbí, wọ́n tọ́ ọ wò níwájú mi, wọ́n ní lóòótọ́ ni, ọmọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ti da iyọ̀ sí i láìmọ̀ pé àwọn ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò yẹn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n se òmíràn, mo dúró bíi ìṣẹ́jú ogún, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Mo ní ẹ ṣé mà, wọ́n ní àwọn ló yẹ káwọn dúpẹ́, pé ẹni tó bá sọ fún àwọn ló fẹ́ kọ́jà àwọn tà lọ́la. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Sátidé tó kọjá lọ̀rọ̀ wá ṣẹlẹ̀. Búkà kún dẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan tó ń wa màrúwá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bèèrè iye tí èbà pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún jẹ́, wọ́n ní 4,500 náírà, ó rò ó fúngbà díẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ọ̀bọ̀kún sílẹ̀, kí wọ́n fi pọ̀ǹmọ́ méjì sí i fóun. Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní gọ́fúmẹ́ǹtì yìí ò ṣàánú àwọn rárá, pé láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo tí ò tó 200 náírà di ohun tó lé ní 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, òun ò tíì mí dáadáa, gbogbo ohun tóun bá pa, epo ló ń gbé e lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni o. Ohun tó ń dùn ún ló sọ. Bàbá kan tí wọ́n dé fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú, tí wọ́n jókòó síwájú wa, wọn ò tiẹ̀ yíjú sẹ́yìn wo ọmọ yẹn, wọ́n ní, "Tí ìlú yìí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó ẹrù ẹ kó o máa lọ. Bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ ò tì."

Gbogbo búkà pa lọ́lọ́. Ọmọ yẹn tẹrí ba, ó ń jẹun ẹ̀. Ó dùn mí dénú egungun torí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, nínú bọ́ọ̀sì, níbi ìsìnkú, lórí Facebook, èèyàn á la ẹnu pé nǹkan ò dáa, wọ́n á ní kó lọ sílùú òyìnbó nígbà náà, bí ẹni pé ilé baba ẹnì kan la wà, tó ń fún wa níbùsùn.

Alfa àgbà kan tí wọ́n ń fọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà ló dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ta ló gbé àwọn bàbá yín dé Ẹ̀pẹ́?" Bàbá onífìlà ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ làwọn, ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Alfa ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ wá sọ bẹ́ ẹ ṣe débí fún ọmọ yìí."

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó-Ẹ̀pẹ́ wà, àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ yìí ló tẹ̀ lé ọba Kòsọ́kọ́ wá. Lọ́dún 1845 Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí oyè l'Ékòó, Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì tún dé Bàdágìrì. Nígbà tó di December 1851 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lu Èkó, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, ó wá kan Kòsọ́kọ́ láti sá, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ gba ojú ọ̀sà, wọ́n sì tẹ̀dó síbí. Mi ò fi Kòsọ́kọ́ ṣe àwòkọ́ṣe o, òwò ẹrú wà lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò ní bò ó. Àmọ́ ṣé ó torí pé wọ́n lé e kó má jẹ́ ọmọ Èkó mọ́? 1854 ó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹ̀pẹ́ níbí, 1862 ó padà sí Èkó, Oṣòdì Tápà tó jẹ́ olórí ogun ẹ̀ náà kó àwọn èèyàn padà, ibi tí wọ́n sì fún wọn láti máa gbé ní Erékùṣù Èkó ló ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dòní olónìí.

Alfa ò dúró síbẹ̀. Wọ́n ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yẹn náà ni Abíọ́lá dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, lẹ́yìn tí ìjọba ológun fagi lé ìbò June 12, 1993, Abíọ́lá jáde nílùú fúngbà díẹ̀, ó sì padà wá, 11 June 1994 ló kéde ara ẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, oṣù yẹn náà ni wọ́n mú un, kò sì jáde mọ́ títí tó fi kú ní 7 July 1998. Ó ti wà lókè òkun, ó lè jókòó síbẹ̀. Èèyàn tí ìlú ò bá tẹ́ lọ́rùn ń ṣe bẹ́ẹ̀ padà wá o, torí pé tiẹ̀ ni.

Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Nígbà Abacha, Ṣóyínká gba inú igbó kọjá bọ́dà lọ́dún 1994, Enahoro, àgbà olóṣèlú nì, náà lọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n sì ń bá ìjà lọ láti òkè òkun, ọ̀rọ̀ wa dé etí gbogbo ayé. Gani Fawẹhinmi ò lọ, wọ́n gbé e lọ sẹ́wọ̀n léraléra. Kudirat Abíọ́lá ò lọ, wọ́n yìnbọn pa á l'Ékòó ní 4 June 1996. Nínú gbogbo àwọn yìí, ta ni ká sọ pé ó fẹ́ràn Nàìjíríà jù? Ta ni ká sọ pé kò yẹ kó lọ, tàbí kò yẹ kó dúró? Mi ò lè dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ pa, kó sá, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kí ẹni tó ń jẹun ní búkà wá máa pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó jáde nílùú torí ó ní epo wọ́n, ìyẹn ò sí nínú àṣà wa, kò sì sí nínú òfin.

Òfin gan-an ń kọ́? Òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 41, sọ ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ lé ọmọ Nàìjíríà kankan kúrò nílùú, wọn ò gbọdọ̀ dí i lọ́nà láti wọlé, wọn ò sì gbọdọ̀ dí i lọ́nà láti jáde. Ẹ rí i pé gbólóhùn kan náà ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ró. Ìjọba pàápàá ti dán an wò rí kí òfin yìí tó dé, lọ́dún 1980 wọ́n mú Shugaba Darman, tó jẹ́ aṣáájú nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Borno, ẹgbẹ́ ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n gbé e sọdá sí Chad, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, kóòtù dá a láre, wọ́n ní kí ìjọba sanwó fún un. Tí odindi gọ́fúmẹ́ǹtì ò bá lè ṣe é, fìlà ẹgbẹ́ kankan ò lè ṣe é.

Àbúrò mi jápa lọ sí Kánádà ní 2022, nọ́ọ̀sì ni. Mo sunkún lọ́jọ́ tó lọ àmọ́ mi ò bá a jà, mo rí iye tó ń gbà, mo rí iye wákàtí tó ń fi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, mo rí i tó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù gún abẹ́rẹ́ fáwọn aláìsàn. Títí dòní òun ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi. Ohun tó ń dun àbúrò mi jù ni pé kò lè dìbò, ọmọ Nàìjíríà tó bá wà lókè òkun ò lè tibẹ̀ dìbò sílé, ní 2023 ó kàn ń pè wá ní gbogbo wákàtí ni, ṣé ẹ ti dìbò, ṣé wọ́n ti kà á. Ẹ wá rò ó báyìí, tí gbogbo ẹni tí ìjọba ò tẹ́ lọ́rùn bá ṣe ohun tí bàbá onífìlà wí, tí wọ́n kó ẹrù wọn, ta ló máa kù sórí ìlà lọ́jọ́ ìdìbò? Àwọn tó fara mọ́ ọn nìkan. Ìjọba yòówù kó wà níbẹ̀ ò ní kúrò mọ́ láéláé, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún wọn pé iyọ̀ ti pọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rántí ọbẹ̀ Àlàájà. Búkà yẹn, tiwọn ni, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé tí iyọ̀ ò bá tẹ́ mi lọ́rùn kí n gba ọ̀dọ̀ alábúkà míì lọ, wọn ò sì ní jẹ̀bi. Wọn ò sọ ọ́. Ìlú ńkọ́, tí kì í ṣe ti ẹnì kan, tó jẹ́ pé èmi àti ọmọ onímàrúwá yẹn àti bàbá onífìlà la jọ ni ín? Èmi ò lọ ibì kankan. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ níbí, mo fẹ́ràn ọ̀sà yìí àti òórùn ẹja yìí, màá dúró, màá sì máa sọ ọ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣe sí wa ò dáa.

Bàbá onífìlà ò fèsì mọ́, wọ́n jẹun tán, wọ́n sanwó, wọ́n lọ. Àlàájà fa ìdajì ọ̀bọ̀kún yọ nínú ìkòkò, wọ́n gbé e sínú abọ́ ọmọ onímàrúwá, wọ́n ní kó jẹun kó má rò ó.

Ohun tí ò dáa níbẹ̀: ibi ìjókòó kéré, ẹ máa fara kan ara yín. Kò síbi tẹ́ ẹ lè páàkì mọ́tò sí, ẹ fi sílẹ̀ lójú títì kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Tìránsífà máa ń pẹ́ kó tó wọlé torí nẹ́tíwọọ̀kì, ẹ mú káàṣì dání. Omi ìfọwọ́ wà, ọṣẹ náà wà, ilé ìyàgbẹ́ ni ò sí. Lápapọ̀, mo fún wọn ní mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún, ti ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ máa gba márùn-ún pé.

Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ débẹ̀ kó tó di aago méjì, ọ̀bọ̀kún máa ń tán. Mo fi fọ́tò abọ́ mi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó ní lọ́jọ́ tóun bá wálé, ibẹ̀ ni ká ti kọ́kọ́ yà ká tó lọ sọ́dọ̀ Màámi.