Gojira, Them! àti The Beast: Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Fowó Rà?

Bí ó bá jẹ́ owó fíìmù kan péré ni ẹ ní lọ́wọ́, ẹ ra Gojira ti ọdún 1954, fíìmù ẹranko abàmì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Godzilla, èyí tí àwọn ará Jàpáànì ṣe ní èdè wọn. Mo tètè sọ ọ́ nítorí ẹni tó ń kánjú. Ẹni tó bá ráyè, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: The Beast from 20,000 Fathoms (1953), Them! (1954) àti Gojira. Dúdú-àti-funfun ni gbogbo wọn, ohun kan náà ló sì bí wọn. Ní ọdún 1945, Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ New Mexico. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi jù ú sí Hiroshima àti Nagasaki. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń bi ara wọn léèrè ohun tí ìtànṣán olóró yóò ṣe sí ilẹ̀, sí omi, sí ọmọ tí a kò tíì bí. Àwọn onífíìmù mú ìbẹ̀rù yẹn, wọ́n fún un ní eyín àti ìrù.

The Beast ló ṣáájú. Wọ́n yin bọ́ǹbù ní ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá ayé, yìnyín yọ́, ẹranko àtayébáyé kan tó wà nínú rẹ̀ jí, ó sì forí lé New York. Fíìmù náà kò ju 80 ìṣẹ́jú lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ Ray Harryhausen, ẹni tó mú ẹranko náà rìn, gan-an ni ẹ ń rà. Kò sí kọ̀ǹpútà fún irú iṣẹ́ yìí nígbà náà. Ère kékeré tó ní egungun irin nínú ló ń lò: á sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, á ya fọ́tò kan, á tún sún un, á tún yà á. Fọ́tò 24 ló ń para pọ̀ di ìṣẹ́jú-àáyá kan lójú wa. Ẹ wo ibi tí ẹranko náà ti gbé ọlọ́pàá mì lójú títì, kí ẹ wá rántí pé ọkùnrin kan ló fi sùúrù ṣe é. Àmọ́ nígbà tí ẹranko bá kúrò lójú àwòrán, fíìmù náà á rọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í wọ ni lára.

Them! kò ní ìṣòro yẹn rárá. Gordon Douglas ló darí rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan ń dá rìn nínú aṣálẹ̀ New Mexico, ó gbé ọmọláńgidi dání, ojú rẹ̀ ranjú, kò lè sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá rí ibi tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé: ògiri ti fàya, ṣúgà wà nílẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ kò ní rí ohun tó ṣe é. Igbe rẹ̀ tó ń han gooro lẹ́yìn ìyanrìn nìkan ni ẹ máa gbọ́. Èèrà ni, èèrà tí ìtànṣán bọ́ǹbù 1945 yẹn sọ di ohun tó tóbi ju mọ́tò lọ. Ẹni tí ìjàlọ bá ti lé dìde lórí ẹní rí lóru kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀rù yẹn fún un. Bí ìwádìí àwọn ọlọ́pàá ni ìtàn náà ṣe ń lọ, títí tó fi dé inú ihò ọ̀gbàrá lábẹ́ ìlú Los Angeles. Obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wà níbẹ̀ tó tẹnu mọ́ ọn pé òun náà gbọ́dọ̀ wọ inú ihò èèrà lọ. Ní ọdún 1954, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Èèrà gidi kọ́ ni wọ́n yà, ère ẹ̀rọ tó tóbi bíi tinú ìtàn ni wọ́n kàn, nítorí náà, bí wọ́n bá ń rìn, ẹ máa rí i pé ẹ̀rọ ni. Lójú tèmi, The Beast borí ní ti ẹranko, Them! borí ní ti ìtàn. Bí ẹ bá fẹ́ fíìmù tí gbogbo ilé máa jọ wò tí kò sẹ́ni tó máa sùn, Them! ni.

Kí ló wá dé tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ ra Gojira? Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1954, Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù Castle Bravo ní Bikini, nínú òkun Pàsífíìkì. Agbára rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ṣírò lọ. Ọkọ̀ ìpẹja Jàpáànì kan, Daigo Fukuryu Maru, wà lójú omi pẹ̀lú apẹja 23. Eérú funfun rọ̀ lé wọn lórí, àìsàn sì dá gbogbo wọn wólẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án, Aikichi Kuboyama tó ń ṣiṣẹ́ rédíò ọkọ̀ náà kú. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn gan-an ni Gojira jáde. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọkọ̀ kan lójú òkun, àwọn atukọ̀ jókòó, wọ́n ń najú, ìmọ́lẹ̀ kọ yẹ̀rì, ọkọ̀ gbiná. Ishiro Honda tó darí rẹ̀ ti gba Hiroshima kọjá nígbà tó ń ti ojú ogun bọ̀ wálé.

Ní ti ọgbọ́n àwòrán, Eiji Tsuburaya kò rí àkókò tàbí owó láti ṣe bíi Harryhausen. Ó gbé aṣọ ńlá wọ Haruo Nakajima, ó ní kó máa tẹ ìlú Tokyo kékeré tí wọ́n kọ́ mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á ní èyí rẹlẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwúwo wà lẹ́sẹ̀ Gojira tí kò sí lẹ́sẹ̀ ẹranko Harryhausen. Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Akira Ifukube tó kọ orin fíìmù náà ló fi ìbọ̀wọ́ awọ fa okùn gòjé ńlá, ó sì rí igbe tí kò jọ ti ẹran kankan láyé.

Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ jù ni òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nínú The Beast àti Them!, ẹranko á kú, ọ̀rọ̀ á bùṣe. Gojira mú wa wọ ilé ìwòsàn tó kún fọ́fọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán sún mọ́ ọmọdé kan, ẹ̀rọ sì han. Ìyá kan di àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra láàárín iná, ó ní àwọn máa tó lọ bá bàbá wọn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ohun ìjà tó lè pa Gojira, ẹ̀rù sì ń bà á láti lò ó, nítorí ó mọ ohun tí ìjọba á fi ṣe lọ́la. Mi ò ní sọ bó ṣe parí.

Ẹ ṣọ́ra o: Gojira kan tún wà tí kì í ṣe Gojira. Ní ọdún 1956, àwọn ará Amẹ́ríkà gé fíìmù náà, wọ́n fi Raymond Burr sí i gẹ́gẹ́ bí oníròyìn, wọ́n sọ ọ́ ní Godzilla, King of the Monsters! Ti Jàpáànì jẹ́ 96 ìṣẹ́jú, eléyìí jẹ́ 80. Obìnrin tó ń sọ nínú ọkọ̀ ojú irin pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ti Nagasaki ni, wọ́n gé e. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bàbá àgbàlagbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ (kì í ṣe ẹni tó ní ohun ìjà), pé bí wọ́n bá ń dán bọ́ǹbù wò lọ, Gojira mìíràn lè jáde, wọ́n yọ ọ́. Inú máa ń bí mi sí èyí, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe fíìmù náà. Ọdún 2004 ni èyí tí wọn kò gé tó tàn káàkiri ilé sinimá Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, Burr ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹni tí kò bá fẹ́ máa ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀ àwòrán lè fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà Blu-ray (àwo fíìmù tó mọ́ ju DVD lọ) ti ilé iṣẹ́ Criterion kó méjèèjì pọ̀. Òun ni kí ẹ wá. Ilé iṣẹ́ kan náà ní àpótí ńlá tó kó fíìmù Godzilla 15 láti 1954 sí 1975 sínú àwo 8, àmọ́ ẹni tó ti fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ ni kó náwó lé e. Ní ti Them! àti The Beast, Warner kó wọn pọ̀ mọ́ fíìmù méjì míì nínú páálí kan ní 2015. Tarantula (1955), aláǹtakùn ńlá, lè dúró di ìgbà tówó bá ṣẹ́ kù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọdún tó wà lára páálí, nítorí fíìmù Godzilla ti 1998 àti ti 2014 ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ tún wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀: Blu-ray tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ A, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Áfíríkà àti Yúróòpù sì jẹ́ B. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti Amẹ́ríkà fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi rí. Ẹ̀rọ mi tu ú jáde bí ẹní tu eegun. Àwo 4K, tó tún mọ́ ju Blu-ray lọ, kò ní ààlà yìí. Bí ẹ bá sì ti fi í sínú ẹ̀rọ, àlàfo dúdú máa wà lọ́tùn-ún àti lósì àwòrán Gojira. Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n yín fẹ̀ ẹ́.