Ẹ ṣọ́ra o: ẹ́ńjìnnì Ìjàpá "1776" tí wọ́n ń tà kiri, 1300 ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Ìjàpá, ìyẹn ọkọ̀ Volkswagen Beetle, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó máa sáré ju bó ṣe ń sáré lọ, ẹ má tíì sanwó fẹ́nikẹ́ni.

Bàbá mi ló ni Ìjàpá tí mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 1300 ló wà lẹ́yìn rẹ̀ (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, ní cc). Tá a bá ti kan òkè Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin, jíà kejì ni, àwọn ọlọ́kadà á sì máa ṣàánú wa. Ẹnì kan l'Ékòó ní òun ní 1776 tí wọ́n ti tò jọ pátá, kí n ṣáà gbé e kọ́. ₦850,000. Ó fi fídíò ránṣẹ́: sáílẹ́ńsà ń bú ramúramù, kabúrétọ̀ méjì ń dán, wọ́n kun ilé fáànù ní pupa. Mo sanwó.

A gbé e kọ́. Jíà kejì náà la tún fi gun Mọ́kọ́lá.

Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ti ń tú Ìjàpá láti 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Ó bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ìjókòó dáínámò, ó rí AB níwájú rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n fi ń dá 1300 mọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ yìí, 1300 mìíràn lo tún lọ rà!" Irú 1300 yìí ní ihò méjì-méjì ní tọ́ọ̀pù sílíńdà bíi ti 1600, tẹ́ ẹ bá wò ó lóde, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Lẹ́tà nìkan kò tó ẹ̀rí ṣá, ẹlòmíì lè ti fẹ búlọ́ọ̀kù AB lójú. La bá tú orí rẹ̀, a fi kálípà wọn ojú sílíìfù, ìyẹn ihò tí pístìnì ń rìn nínú rẹ̀: 77mm. Ti 1776 tòótọ́, 90.5mm ni. Ẹ fi 90.5 lọ́po ara rẹ̀, ẹ fi 69 tó jẹ́ ìrìn pístìnì lọ́po rẹ̀, ẹ tún fi 0.7854 àti 4 tó jẹ́ iye sílíńdà lọ́po rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 1,000 pín in. Ẹ ó bá a ní nǹkan bíi 1,775. Tèmi jẹ́ 1,285.

Ibi tó yẹ kí n ti fura rèé: mo bi ọkùnrin tó tà á fún mi pé ta ló bá a bóòrù búlọ́ọ̀kù, ó ní kò nílò ìyẹn. Irọ́ funfun báláú! 90.5 kì í wọlé àfi tí wọ́n bá gé búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù láyè. Sílíìfù 87mm àti 88mm ló ń wọ inú 1600 láìgé nǹkan kan, ara 88 sì fẹ́lẹ́ jù. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹ wá gbé e sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀sán gangan, kò ní pẹ́ wọ́.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní "1776" kàn jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é ni. Látìgbà náà, kò gbé fóònù mi mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ mú kálípà dání, kó tú orí rẹ̀ níṣojú yín kówó tó kúrò lápò yín. Fídíò yẹn ṣì ń lọ káàkiri o. Ilé fáànù pupa, ó tẹ̀ díẹ̀ lápá òsì. ₦900,000 ló ń pè é báyìí.