Erin tí mo lọ wò ní Igbó Omo

Ẹni tó kó wa lọ ní lójúkojú la ó rí erin. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n ti tú ìyẹn sílẹ̀ ná, kí ẹnikẹ́ni má baà tìtorí rẹ̀ sanwó.

Ìjẹ̀bú-Òde la ti gbéra láàárọ̀ kùtù, a gba títì márosẹ̀ tó lọ sí Ìbìní títí dé J4, abúlé tó wà lẹ́bàá igbó náà. Kò sí wàhálà débẹ̀. Bí a ṣe yà wọgbó báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mọ́tò rì sínú ẹrẹ̀. Ọlọ́kadà ló gbà wá sílẹ̀, owó tirẹ̀ ò sì sí lára èyí tí mo ti san. Ta ló ní ká lọ nígbà òjò? Ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ.

Bàbá tó mú wa kiri, ọdẹ ni tẹ́lẹ̀ kó tó di ẹ̀ṣọ́ igbó. "Ẹ̀yin ará Òde, ẹ fi ariwo sílẹ̀ sínú mọ́tò o," ó kọ́kọ́ kì wá nílọ̀. Nígbà tó yá, ó dúró lójijì. Ojú ẹsẹ̀ erin rèé nínú amọ̀! Omi òjò ti dúró sí i, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì sí i, ó gbà wọ́n. Níwájú díẹ̀, a bá ìgbẹ́ rẹ̀. Bàbá fi igi tú u, kóró òro ló kún ibẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ ti ń hù. "Ààpọ̀n tẹ́ ẹ fi ń jẹ iyán nílé, òun náà ń bá wa gbìn ín."

Ó ní àwọn erin ń sá fún èèyàn, òru ni wọ́n ń jẹ̀ jù. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Àwa ò tilẹ̀ rí fìrí náà.

Láti 1977 ni àjọ àgbáyé UNESCO ti ka igbó yìí mọ́ àwọn tó yẹ ká dáàbò bò. Síbẹ̀, inú oko kòkó méjì la gbà kọjá, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gégi lọ́ọ̀ọ́kán. Mo wo bàbá, ó kàn mi orí ni.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Ìkọ́kọrẹ́ la gbọ́ lẹ́nu ẹni tó kó wa lọ nígbà tó ń gbowó. Búrẹ́dì gbígbẹ àti omi inú ọ̀rá kan ló kó jáde.

Màá tún lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ sùn mọ́jú níbẹ̀. Bàbá ní tí erin bá ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi lóru, èèyàn á rò pé ilé ló ń wó. Mo ti gba nọ́ńbà rẹ̀.