Sítíkà, oníwíwé, ọ̀dà àbí páálí irin: èwo lẹ máa rà fún páìpù ilé iṣẹ́ yín?

Àwọn èèyàn máa ń pè mí láti Kétu, láti Sábẹ̀ẹ́, àní láti ẹ̀yìnkùlé mi níbí l'Ájàṣẹ́, Porto-Novo nílẹ̀ Benin, wọ́n á ní "Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ kọ orúkọ sára páìpù wa, èló ni?" Mi kì í dárúkọ owó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èmi náà á kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ló ń gba inú páìpù ọ̀hún kọjá, ṣé ó ń gbóná ni àbí ó ń làágùn, ṣé òjò ń pa á, ṣé òróró ń ta sí i lára. Torí nǹkan tó máa lo ọdún márùn-ún lára páìpù omi inú ilé, ẹ gbé e lọ sára páìpù bọ́ìlà, ẹ̀rọ tó ń se omi hó, kò ní í pẹ́ rárá tó fi máa ká kò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé "gbogbo wa la mọ páìpù wa". Níbì kan tí mo bá wọn ṣiṣẹ́ rí, ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, páìpù méjì ló jọ gba ara ògiri kan náà, ìkan omi, ìkejì omi sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, tó máa ń jó ara, ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kun àwọn méjèèjì, ọ̀gá àgbà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ nìkan ló mọ ìkan yàtọ̀ sí ìkejì. Ọjọ́ tí bàbá yẹn lọ síbi òkú ni ọmọ tuntun kan ṣí fáàfù pé òun fẹ́ fọwọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó wọ́ ọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi kíá, tí wọ́n jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i lọ́wọ́ títí tó fi sú òun fúnra ẹ̀. Àpá yẹn ṣì wà lápá ẹ̀ dòní o. Sítíkà méjì péré ni ì bá gbà á.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọjà.

Sítíkà, tàwọn ará wa ń pè ní autocollant, òun ló yá jù, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹ bó o, ẹ lẹ̀ ẹ́, ó tán. Ṣùgbọ́n kò gba ìdọ̀tí rárá. Èmi fúnra mi ti jẹ ìyà ẹ̀: mo lẹ mẹ́rìnlá mọ́ páìpù epo pupa lẹ́yìn tí mo fi àkísà nu ún lásán, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo bá gbogbo wọn nílẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tó tà á fún mi, ẹjọ́ mi ni, mi ò fi nǹkan tó ń gé òróró nù ún kí n jẹ́ kó gbẹ. L'Ájàṣẹ́ níbí tí ọ̀sà wà lẹ́bàá wa, páìpù omi tútù máa ń làágùn láàárọ̀, gọ́ọ̀mù kì í mú ara tó tutù. Ní Sábẹ̀ẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku ọyẹ́ ni wàhálà, ẹ fọwọ́ kan páìpù tẹ́ ẹ nù láàárọ̀, tó bá fi máa dọ̀sán eruku ti bò ó, torí náà ẹ nù ún kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má lọ jẹun kẹ́ ẹ tó padà wá. Ti ooru ńkọ́? Sítíkà tí wọ́n fi fínílì lásán ṣe, tó bá ti ń súnmọ́ 80°C, ẹ máa fura. Èyí tí wọ́n fi polyester ṣe, tí wọ́n tún fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo lójú, ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, oòrùn pàápàá kì í tètè pa lẹ́tà ẹ̀ rẹ́, ó kàn wọ́n ni. Ẹ sọ pé kí wọ́n fi fiche technique, ìwé àlàyé ọjà, hàn yín, ìwọ̀n ooru tó lè gbà máa wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá ní in lọ́wọ́, ẹ bọ́ síwájú.

Oníwíwé ni èmi fẹ́ràn jù, mi ò ní í parọ́. Pílásíìkì ni, wọ́n ti ká a kò láti ilé iṣẹ́ wá, ẹ kàn máa là á sọ́tọ̀ díẹ̀ ni, ẹ fi bọ páìpù lọ́rùn, òun fúnra ẹ̀ á padà di páìpù mú, kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀. Àágùn ò kàn án, òróró ò kàn án, tí wọ́n bá sì yí nǹkan tó ń gba inú páìpù padà, ẹ bọ́ ọ kúrò kẹ́ ẹ gbé e lọ síbòmíì. Tí páìpù bá ti ju bí íǹṣì mẹ́fà lọ, okùn pílásíìkì ni wọ́n fi ń dè é. Owó ẹ̀ ju ti sítíkà lọ dáadáa. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe ni ìwọ̀n: páìpù tẹ́ ẹ rà ní íǹṣì méjì, ìta ẹ̀ kì í ṣe íǹṣì méjì, 60.3 mm ni, onídajì íǹṣì náà, ìta ẹ̀ jẹ́ 21.3 mm. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ fún ontàjà pé "íǹṣì méjì" láìṣàlàyé, ó lè kó èyí tí ò ní í dé yín ká wá. Ẹ mú okùn, ẹ fi yí páìpù po, ẹ wọn okùn yẹn, ẹ wá fi 3.14 pín in, iye yẹn ni kẹ́ ẹ sọ. Tó bá jẹ́ páìpù tí wọ́n fi aṣọ tí kì í jẹ́ kí ooru jáde àti aluminium wé, orí aluminium yẹn ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n o.

Ọ̀dà dùn-ún rà, ó ṣòro ṣe. Gálọ́ọ̀nù kan àti páálí tẹ́ ẹ gé lẹ́tà sí, owó kékeré ni, pàápàá tí páìpù bá ti dípẹtà tí ara ẹ̀ rí ṣákiṣàki tí sítíkà ò lè mú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó ọwọ́ ẹni tó máa gun àkàbà, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dáṣẹ́ dúró kó lè gbẹ, àti lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ tó máa ti ibẹ̀ jáde tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá mu ọ̀dà pọ̀ jù. Fún bọ́ìlà, ọ̀dà tó ń gba ooru ni kẹ́ ẹ béèrè.

Páálí irin, inox (irin tí kì í dípẹtà) tàbí aluminium tí wọ́n fín lẹ́tà sí, tẹ́ ẹ fi wáyà so kọ́, ti páìpù tín-ín-rín nìyẹn, àwọn tí ò tó 19 mm, àti ibi tó gbóná tí nǹkan míì ń yọ́. Ẹ ò lè dúró lókèèrè kà á, òun nìkan ni àléébù tí mo rí.

Àwọ̀ wá ni ibi tí ẹjọ́ pọ̀ sí, ẹ farabalẹ̀ síbí. Ọjà tí wọ́n ń gbé wá láti Èkó, ìlànà àwọ̀ ti Amẹ́ríkà ló sáábà máa ń tẹ̀lé, ASME A13.1 ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀. Ní ti Faransé, NF X08-100 ti ọdún 1986 ni. Omi jẹ́ àwọ̀ ewé nínú méjèèjì, afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́ búlùú nínú méjèèjì, ìjà ò sí níbẹ̀ yẹn. Ásíìdì ńkọ́? Faransé ní elésè àlùkò, Amẹ́ríkà ní àwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi lẹ́tà dúdú kọ nǹkan sí. Faransé ló sì ń lo yẹ́lò tó fẹ́ jọ ọsàn fún gáàsì! Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa máa wo ásíìdì kó pè é ní gáàsì. Èyí tó tún burú jù ni ẹ̀rọ àlòkù láti Jámánì, DIN 2403 tiwọn, àwọ̀ eérú ni afẹ́fẹ́, pupa ni sítíìmù, ìyẹn oru omi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ eérú aláwọ̀ fàdákà ni Faransé ń lò fún sítíìmù, pupa sì ni Amẹ́ríkà fi ń mọ omi panápaná. Ẹ fojú inú wò ó, kẹ́nì kan sáré lọ ṣí omi panápaná kó bá sítíìmù pàdé.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ẹ mú ẹyọ kan, ìkan ṣoṣo, tiwa níbí mo máa ní ẹ mú ti Faransé torí òun làwọn tó kàwé iṣẹ́ níbí mọ̀, ẹ tẹ àwòrán àwọ̀ yẹn kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá ń ra ọjà tuntun pátápátá, ẹ lè béèrè ìlànà àgbáyé, ISO 20560-1 ti ọdún 2020, ó máa ń fi àmì ewu oníígun mẹ́rin tó ní etí pupa sí i. Lẹ́tà náà ṣe kókó o, ojú ẹlòmíì kì í mọ pupa yàtọ̀ sí ewé. Níbi tí èmi ti ń ṣiṣẹ́, Faransé la kọ sókè, Yorùbá la kọ sísàlẹ̀, OMI SÓDÀ, torí pé àwọn ìyá tó ń wá kó ọṣẹ náà máa ń gba abẹ́ páìpù yẹn kọjá.

Iye tẹ́ ẹ máa rà, ẹ má fojú díwọ̀n. Níbi tí páìpù bá ti lọ gbọọrọ, láàárín mítà 7 sí 15 síra wọn, ẹ tún fi sí ẹ̀gbẹ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan, ibi tí páìpù bá ti yí, àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ògiri tó bá gbà kọjá, pẹ̀lú ọfà tó ń fi ibi tó ń ṣàn lọ hàn. Páìpù mítà 60 tó ní fáàfù mẹ́rin, ibi ìyípo méjì àti ògiri kan, ó kéré tán méjìlá lẹ máa rà. Lẹ́tà náà ní ìwọ̀n tiẹ̀: páìpù tí ìta ẹ̀ wà láàárín 64 sí 150 mm, lẹ́tà 32 mm ni ASME ní kẹ́ ẹ lò, páìpù 200 sí 250 mm, lẹ́tà 64 mm. Lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ lókè àjà, ẹyẹ nìkan ló ń kà á.

Tó bá jẹ́ èmi, ilé iṣẹ́ omi èso kékeré l'Ájàṣẹ́, oníwíwé ni mo máa fi sára gbogbo ohun tó tutù, n ó fi sítíkà sára ìyókù. Ibi epo pupa ní Kétu, oníwíwé náà ni, kò sí àríyànjiyàn. Sábẹ̀ẹ́ níta gbangba, ọ̀dà fún ìpìlẹ̀, polyester fún lẹ́tà. Bọ́ìlà níbikíbi, páálí irin. Kẹ́ ẹ tó wá sanwó gbogbo ẹ̀, ẹ ra ẹyọ kan péré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páìpù yín tó burú jù lọ, ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó padà pe ontàjà.