Revolver Kékeré: Ṣé Èyí Tó Wọ́n Tó Owó Tí Wọ́n Ń Pè É?

Níbi tí òfin bá ti fàyè gba ènìyàn láti ra ìbọn ìléwọ́, ẹni tó ń wá revolver kékeré, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ jẹ́ irin róbótó tó ń yí, kì í pẹ́ bá ara rẹ̀ láàárín méjì. Ọ̀kan wà tí owó rẹ̀ kò gani lára, irin gidi ni, ọta mẹ́fà ló ń gbà. Èkejì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú, àmọ́ owó rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì. Mo ti ní irú méjèèjì. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀wọ́n ni Kimber K6s, òun ló ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo máa mẹ́nu ba àwọn fífúyẹ́ náà, Smith & Wesson 642 àti Ruger LCR, torí àwọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà.

Tírígà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Lórí ìbọn yìí, ìka kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ méjì: bẹ́ ẹ ṣe ń fà á ni ilé ọta ń yí, bẹ́ẹ̀ náà ni òòlù, irin tó ń mú kí ọta dún, ń lọ sẹ́yìn, títí yóò fi já. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní, olówó pọ́ọ́kú yẹn, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tó bá wá kù díẹ̀ kí òòlù já, á le gbagidi. Ibẹ̀ gan-an lọwọ́ ti ń gbọ̀n, tí ẹnu ìbọn á sì yẹ̀ kúrò lójú àfojúsùn. Ẹ rò ó wò: ìbọn tí kò wọn kílò kan, tí ìka ń fi agbára kílò 5 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fà. Kí ló fẹ́ mú un dúró sójú kan?

Atúnbọnṣe ní ká pààrọ̀ sípíríìnì. A fi èyí tó rọ̀ sí i, tírígà sì rọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí mo dé pápá ìyìnbọn, òòlù já, ọta ò dún. Mo ṣì kọ ẹnu ìbọn síwájú, mo dúró díẹ̀ kí n tó ṣí i, nítorí ọta lè pẹ́ kó tó gbiná. Mo wá yí ìdí ọta náà sókè. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún kò jìn rárá, àfi bíi pé ẹnì kan fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Sípíríìnì tó ń mú tírígà le yẹn náà ló ń fún òòlù lágbára. Bí a bá dín in kù fún ìka, a ti dín in kù fún òòlù nìyẹn, ọta tí ìdí rẹ̀ bá le díẹ̀ kò ní dá a lóhùn. Ni a bá dá sípíríìnì àtijọ́ padà, ó di kí a máa fi òkúta ìpọ́nrin dán àwọn irin inú rẹ̀ tó ń ha ara wọn. Owó sípíríìnì lọ, owó iṣẹ́ lọ, owó ìfiránṣẹ́ sílé iṣẹ́ tó ṣe é náà lọ. Wọ́n dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

K6s, tó jáde ní 2016, kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ju àwọn yòókù lọ lórí ìwé: nǹkan bíi kílò 4.5 ni tírígà rẹ̀. Ohun tówó rà níbẹ̀ ni pé ó ń lọ geerege látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò síbi tó ti há. Ruger náà rí ọgbọ́n kan dá sí i nínú LCR, tí wọ́n gbé jáde ní 2009: wọ́n gbẹ́ irin inú rẹ̀ lọ́nà tí tírígà kò fi ní máa le sí i bó bá ń súnmọ́ òpin. Owó rẹ̀ sì kéré sí ti Kimber.

Ìwọ̀n ló tẹ̀ lé e. LCR tó ń lo ọta .38 (orúkọ irú ọta ni) kò ju nǹkan bíi gíráàmù 380 lọ, 642 lé díẹ̀ ní 400, K6s tó 650. Nínú àpò, fífúyẹ́ ló borí, mi ò jiyàn. Ní pápá ńkọ́? Ìbọn fífúyẹ́ ń gbá ọwọ́ padà débi pé olówó rẹ̀ á yìn ín díẹ̀, á sì gbé e sílẹ̀. Ìgbápadà yẹn tún lè tú orí ọta tí a kò tíì yìn kúrò nínú kòròfo rẹ̀, á yọrí síwájú, ilé ọta á sì há. Ìdí nìyẹn tí Smith & Wesson fi kọ ọ́ sára 340PD, ìbọn wọn tó fúyẹ́ jọjọ tó ń lo .357, irú ọta tó lágbára ju .38 lọ, pé kí orí ọta má fúyẹ́ ju gíréènì 120 lọ, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 8.

Ọta márùn-ún bíi ti 642 àti LCR, tàbí mẹ́fà bíi ti K6s? Kò gba oorun lójú mi. Ohun ìfojúsùn: ti K6s ṣeé pààrọ̀, ti 642 jẹ́ ojú ihò tóóró tí wọ́n gbẹ́ sórí rẹ̀, ẹ ó lò ó bẹ́ẹ̀ ni. Àpò ìbọn àti èèkù: Smith & Wesson ti ń ṣe irú tiwọn láti 1950, kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ ò ní rí; ti Kimber, ẹ máa wá a kiri díẹ̀. Agbára .357 nínú ìbọn kékeré, iná àti ariwo ló pọ̀ jù níbẹ̀. K6s ń gba .357 àti .38, ọta .38 ni mo ń kì sí tèmi.

Èyíkéyìí tó wù yín, pàápàá tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ṣí ilé ọta kẹ́ ẹ fojú wò ó, kẹ́ ẹ sì fìka kàn án pé òfìfo ni. Ẹ dé e, ẹ fìka méjì tì í síwájú, tì í sẹ́yìn. Bó bá ń mì lọ mì bọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olọ́jà kẹ́ ẹ fa tírígà díẹ̀díẹ̀: ilé ọta gbọ́dọ̀ ti dúró gbọin kí òòlù tó já, ní ihò kọ̀ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ inú àpò ni ìbọn yín máa wà lójoojúmọ́, 642 tàbí LCR ti tó, bó bá sì jẹ́ tèmi, LCR ni. Ẹni tó fẹ́ máa lọ sí pápá déédéé, kó tọ́jú owó fún K6s. Olówó pọ́ọ́kú náà ṣeé rà, àwọn kan rí èyí tó dára níbẹ̀. Ẹ ṣáà bi atúnbọnṣe léèrè iye tó ń gbà láti tún tírígà ṣe, kẹ́ ẹ rò ó mọ́ owó rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.