Bàbá tó bá mi yẹ Ford 8N wò: èwo ni ojúlówó, èwo ni àlèmọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà ní Jọ́jíà ní Amẹ́ríkà níbí, tí ẹ ní oko kékeré tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sí, tí ẹ wá ń wá katakata àtijọ́ tí owó ẹ̀ ò ní dá yín lọ́rùn, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá oyinbo kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó bá èèyàn lọ yẹ katakata Ford àtijọ́ wò kí èèyàn tó sanwó, òun ni mo gbé iṣẹ́ fún, owó tó gbà lọ́wọ́ mi ò sì tó owó táyà ẹ̀yìn kan. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ la fi ń wọn iṣẹ́, mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo máa fún un, màá sọ ibi tí ìràwọ̀ kan yẹn lọ.

Katakata tí mo fẹ́ rà ni Ford 8N. Ọdún 1947 sí 1952 ni Ford fi ṣe é, ó sì ju 500,000 tí wọ́n ṣe, ìdí nìyẹn tó fi kún ìgboro títí dòní. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí ó ní apá mẹ́ta lẹ́yìn tó ń gbé ohun èlò sókè sódò, páàtì ẹ̀ ò wọ́n, kò sì tóbi jù fún ilẹ̀ kékeré. Àmọ́ ẹ rò ó wò, nǹkan tó ti lo ju àádọ́rin ọdún lọ lọ́wọ́ oríṣiríṣi èèyàn, kálukú ló ti yọ nǹkan kúrò tó fi nǹkan míì sí i. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjèèjì, 9N tó jáde ní 1939 àti 2N tó jáde ní 1942 nígbà ogun, ọ̀pọ̀ páàtì wọn ló ń bá 8N mu láìsí wàhálà. Ẹ lè ra 8N kan kó jẹ́ pé katakata mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ tà á kọ ọ́ sí ìpolówó pé 1951 ni, pé gbogbo ẹ̀ ojúlówó ni, ọ̀dà pupa àti eérú ẹ̀ ń dán gbinrin. Bàbá yìí ò tiẹ̀ wo ọ̀dà yẹn rárá. Ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé ló kọ́kọ́ wò. Ó ní 8N, pẹ́dà búréèkì méjèèjì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wà, kílọ́ọ̀ṣì nìkan ló wà lósì, ó sì ní pákó irin tí èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ lé. Tí ẹ bá rí i pé búréèkì kan wà lósì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, 9N tàbí 2N ni idí ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n kùn ún tó. Lẹ́yìn náà ó gùn ún, ó ka jíà. Mẹ́rin tó lọ síwájú ni 8N ní, mẹ́ta ni ti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní orúkọ Ford gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin ni, kì í ṣe pé wọ́n lẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá wá rí 8N tí wọ́n kọ Ferguson System sí iwájú ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ló fi sí i, torí kí 8N tó jáde ni Ford ti pínyà pẹ̀lú Harry Ferguson, ẹni tó dá ọgbọ́n apá mẹ́ta ẹ̀yìn yẹn, ẹjọ́ tí Ferguson pè nítorí ẹ̀ ò parí títí di 1952 tí Ford san mílíọ̀nù 9.25 dọ́là.

Gbogbo ìyẹn, katakata wa yege. Inú mi ti ń dùn.

Ó wá kan ẹ́ńjìnnì. Nọ́mbà tí gbogbo èèyàn fi ń mọ ọdún 8N, ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, lápá òsì, lẹ́yìn filtà ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ wa, tá a bá ti ka nọ́mbà yẹn, ó tán nìyẹn. Bàbá ní kò tán o, ó ní nọ́mbà ẹ́ńjìnnì, ti ẹ́ńjìnnì ni, kì í ṣe ti katakata, torí ẹ́ńjìnnì 9N, 2N àti 8N, ọ̀kan lè jókòó sí àyè èkejì, àwọn èèyàn sì ti ń pààrọ̀ wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Kódà 2N fúnra ẹ̀, 9N ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nọ́mbà tiẹ̀, ẹ ò lè fi nọ́mbà nìkan mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnnì tiwa, nọ́mbà ẹ̀ bọ́ sí 1951 lóòótọ́, distributor ẹ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá a mu, torí iwájú ẹ́ńjìnnì gan-an ni distributor ń wà tẹ́lẹ̀, ọdún 1950 ni Ford gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́. Àmọ́ kò sí proofmeter, aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì àti wákàtí iṣẹ́, ní dáṣíbọ́ọ̀dù. 8N ti 1951 yẹ kó ní in. Kò sì sí àmì pé wọ́n yọ ọ́, dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn ò ní àyè ẹ̀ rí.

Báyìí ni bàbá ṣe mú búrọ́ọ̀ṣì wáyà àti àkísà, ó sùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha gírísì tó ti gan lára àpótí jíà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó pè mí pé kí n wá wò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí lẹ́tà àti nọ́mbà tó yọ jáde lára irin: C178. Ó ní lẹ́tà ni oṣù, A ni oṣù kìíní, C ni oṣù kẹta, nọ́mbà tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́, tó gbẹ̀yìn ni ọdún. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1948 ni wọ́n da irin yẹn. Irin tó so mọ́ ọn lápá ẹ̀yìn pàápàá, 1948 ló kà. Òótọ́ wá délẹ̀, katakata 1948 ni, ẹ́ńjìnnì 1951 ni wọ́n gbé sínú ẹ̀.

Mo bi í pé àwọn páàtì tí wọ́n kọ 9N sí lára ńkọ́, torí mo rí bíi mélòó kan. Ó ní ìyẹn ò sọ nǹkan kan, Ford ò yí nọ́mbà páàtì padà tí páàtì ò bá yí padà, ọ̀pọ̀ nǹkan tó jẹ́ ojúlówó 8N ló ń jẹ́ 9N lára irin. Èyí ṣe pàtàkì o, torí mo ti rí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí bú katakata tí kò ṣe nǹkan kan, kí wọ́n lè rà á lówó pọ́ọ́kú.

Àwọn àlèmọ́ tó kù, kò pẹ́ lórí wọn. Mọ́gáàdì méjèèjì tuntun ni, ẹ fi ìka kàn án ẹ máa gbọ́ ọ, irin ẹ̀ fẹ́lẹ́, ti àtijọ́ máa ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Iná ẹ̀ ti di 12 fólítì pẹ̀lú alternator, nígbà tó jẹ́ pé 6 fólítì pẹ̀lú dínámò ni ti Ford, apá bátìrì tó jẹ́ positive ni wọ́n sì máa ń so mọ́ irin ara katakata, ẹ má dẹ̀ gbàgbé ìyẹn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba iná lára mọ́tò ẹlòmíì sí èyí tí wọn ò tíì yí padà. Bàbá ní kí n má yí ti tèmi padà sí 6, ó ń tètè jí lárààárọ̀ òtútù, kò sì ba nǹkan jẹ́. Mo gba ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ó wá rí ọ̀pá jíà kékeré kan tí èmi ti rò pé ti hydraulic ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì gbé ohun èlò sókè. Sherman ni! Jíà àfikún tí ilé iṣẹ́ míì ń ṣe láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń fi sáàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà Ford, tiwa sọ jíà mẹ́rin di mẹ́jọ. Kì í ṣe ojúlówó Ford, àmọ́ àwọn èèyàn ń wá a kiri, ẹni tó ń tà á pàápàá ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ bàbá yìí nìyẹn. Kò fi àlèmọ́ dẹ́rù bà mí. Èyí tó dín iye katakata kù, èyí tó fi kún un, àti èyí tí kò ní ká ṣe nǹkan kan sí, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi, ó sì sọ ìdí.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, nítorí ìwé ni. Bébà kékeré kan ló fi bírò kọ gbogbo ẹ̀ sí, kò ya fọ́tò kankan, èmi ni mo ya C178 yẹn fúnra mi, ọpẹ́lọpẹ́ fóònù ọwọ́ mi, torí ohun tí mo fi han ẹni tó ń tà á nìyẹn tó fi gbà láti yọ owó. Ó sì máa ń pẹ́ kó tó pe èèyàn padà. Ford 9N, 2N àti 8N nìkan ló sì ń yẹ̀ wò, tó bá jẹ́ Massey tàbí John Deere lẹ fẹ́ rà, á sọ fún yín tààrà pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Mo ra katakata náà, 1948 ni mo sì ń pè é. Tí ẹ bá fẹ́ bàbá yìí, ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, màá bi í kí n tó fún yín ní nọ́mbà ẹ̀, àmọ́ ẹ tètè pè é kí oṣù kẹta tó wọlé, torí tí àwọn èèyàn bá ti ń túlẹ̀, ẹ ò ní rí i mú.